Ife-Ẹ̀yẹ Lójú Gbàǹjo: Níbo Ni Ohun Ìrántí Eré Ìdárayá Wa Wà?

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a fi ṣe àtẹ̀gùn sínú ìtàn tí mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni gbàǹjo. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ọ, nǹkan méjì ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Èkíní ni ọjà pọ́ọ́kú, ọjà tí ẹni tó ń tà á kò fẹ́ gbé padà sílé mọ́. Èkejì ni ìtìjú: ẹrù onígbèsè tí ilé ẹjọ́ kó síta, tí àwọn aládùúgbò ń ti ojú fèrèsé wò. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti lu dúkìá ẹnì kan ní gbàǹjo, kò sí ẹni tí yóò kí onítọ̀hún kú oríire.

Ní àwọn ìlú bíi Lọ́ńdọ̀nù àti New York, gbàǹjo mìíràn wà tí kò bá tiwa mu rárá. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú gbàǹjo ni wọ́n kà sí ohun iyebíye. Kì í ṣe pé olówó rẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Ó fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ du ohun náà ni, kí iye rẹ̀ lè máa gòkè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbàǹjo méjèèjì yìí ló jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí, nítorí ó fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tó ń dùn mí: ìdí tí ife-ẹ̀yẹ, àmì-ẹ̀yẹ, ẹ̀wù àti ìwé ìrántí eré ìdárayá fi di ohun ìṣúra lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, tó sì jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiwa, inú àpótí tí ikán ń jẹ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ní nǹkan yóò gbé e lọ sí ilé gbàǹjo. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọn yóò sì dá iye tí wọ́n rò pé ó lè mú wá. Olóhun pẹ̀lú lè sọ iye kan ní kọ̀rọ̀ tí òun kò ní gbà kó kéré sí. Ní ọjọ́ ọjà, ẹnì kan yóò na ọwọ́ sókè, ẹlòmíràn yóò fi owó lé e, títí tí kò fi ní sí ẹni tó tún lè fi kún un. Nígbà náà ni onígbàǹjo yóò fi òòlù kékeré lu tábìlì. Ilé gbàǹjo yóò sì gba èrè tirẹ̀ lé orí iye náà. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó nǹkan bí ohun kan kò bá sí níbẹ̀, ohun náà sì ni ẹ̀rí. Ta ló wọ ẹ̀wù yìí? Ọjọ́ wo ni? Ọwọ́ ta ló ti bọ́ sí ọwọ́ ta? Àwòrán wo ló jẹ́rìí sí i? Ẹ̀wù tí kò ní ìtàn, àkísà ni. Ẹ̀wù tó ní ìtàn tí a kọ sílẹ̀ lè di ilé alájà.

Àpẹẹrẹ pọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1986, Diego Maradona fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Mexico City, kò sì pẹ́ tó fi gbá òmíràn wọlé tí gbogbo ayé ń yìn títí dòní. Lẹ́yìn eré náà, òun àti Steve Hodge tó jẹ́ ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ ẹ̀wù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé gbàǹjo Sotheby's ta ẹ̀wù yẹn ní iye tó ju pọ́n-ùn mílíọ̀nù 7 lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé gbàǹjo Heritage ní Amẹ́ríkà ta bẹ́líìtì àgbáyé tó so mọ́ ìjà tí Muhammad Ali fi ṣẹ́gun George Foreman ní Kinshasa, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1974. Jim Irsay, tó ni ẹgbẹ́ Indianapolis Colts nígbà náà, ló san dọ́là mílíọ̀nù 6.18 lórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: orí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ja ìjà náà, àwọn ènìyàn wa ló kún pápá, àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ta bẹ́líìtì náà, ará Amẹ́ríkà ló sì rà á.

Ìtàn ife FA ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ju èyí lọ. Ife àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ Aston Villa ní ọdún 1895 nígbà tí olè jí i gbé nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti gbé e sójú fèrèsé kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó. A kò rí i mọ́ títí di òní. Wọ́n ṣe òmíràn, èyí tí wọ́n lò láti ọdún 1896 títí di 1910, kí wọ́n tó fi ta Lord Kinnaird lọ́rẹ. Ní ọdún 2005, ilé gbàǹjo Christie's ta ife náà fún David Gold ní pọ́n-ùn 478,400. Nígbà tó di ọdún 2020, ó tún padà sójú gbàǹjo, ó sì lọ ní pọ́n-ùn 760,000. Sheikh Mansour tó ni Manchester City ló rà á. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fàdákà inú rẹ̀ kò fi ìwọ̀n kan pọ̀ sí i. Ìtàn rẹ̀ ni iye rẹ̀ fi ń gòkè.

Ohun tí à ń sọ yìí ni Yorùbá ti sọ tipẹ́. A kò pe nǹkan yìí ní ife fàdákà. Ife-ẹ̀yẹ ni a pè é. Ẹ̀yẹ ni a fi ń yẹ́ ènìyàn sí. Orúkọ tí a sọ ọ́ ti fi hàn pé ọlá ni a bù sínú ife náà. Bí a bá sì wo àmì-ẹ̀yẹ wúrà ìdíje Òlíḿpíìkì òde òní, fàdákà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wúrà tí wọ́n fi bò ó kò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ìdíje Stockholm ti ọdún 1912 ni wọ́n ti fi ògidì wúrà ṣe é kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ìwọ̀n irin nìyẹn yóò rà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àmì-ẹ̀yẹ tí Jesse Owens gbà ní Berlin ní ọdún 1936, lójú Hitler, mú owó tó ju dọ́là mílíọ̀nù 1.4 wá ní ọdún 2013. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ṣé àwa kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni? A ní in, ó tún pọ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 láti ilẹ̀ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun wọn, Teslim Balogun tí gbogbo Èkó ń pè ní Thunder sì wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, ẹnu sì ya àwọn Òyìnbó tó wá wòran. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n dúró ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, wọ́n sì fi góòlù 2 sí òdo na Sierra Leone. Èyí ni a kà sí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n tà fún òǹwòran ní ẹnu ọ̀nà pápá lọ́hùn-ún, èyí tí orúkọ àwọn baba wa wà nínú rẹ̀, ti di ohun tí àwọn akójọ ohun ìrántí ń wá kiri. Òǹwòran Gẹ̀ẹ́sì ló ra ìwé náà, òun ló kì í bọ inú àpótí, ọmọ rẹ̀ ló sì gbé e lọ sójú gbàǹjo. Balogun fúnra rẹ̀ padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955, ó bá Peterborough United lọ, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì wọn nígbà tó dé Queens Park Rangers. Ó kú ní ọdún 1972. Pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Ìbàdàn gbàlejò ayé. Ní pápá Liberty, tó di pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010, ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Amaigbo, ti lu Gene Fullmer títí tí ìyẹn kò fi lè jáde fún ìpele kẹjọ. Kò tíì sí ìjà adé àgbáyé kankan ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà ṣáájú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìjà náà, ìwé ìpolówó rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri Ìbàdàn, èwo nínú wọn ló wà ní ilé tiwa? Tiger yìí kan náà ló dá àmì-ẹ̀yẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà fún wọn ní ọdún 1969, nítorí ọ̀rọ̀ ogun Biafra. Ó mọ̀ pé ìtumọ̀ tó wà lára irin ló ń sọ ọ́ di ẹ̀yẹ, bí ìtumọ̀ náà bá sì ti bàjẹ́ lójú òun, kí irin máa lọ sílé olówó rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn ìjà Ìbàdàn, ní Tokyo, ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Nojim Maiyegun gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin yìí fi gbé ní Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, níbẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 2024. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ló mọ orúkọ rẹ̀? Bí a bá gbé àmì-ẹ̀yẹ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì ní Èkó, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ọmọ tó bá kọjá níbẹ̀ yóò béèrè. Ohun ìrántí ló ń bí ìbéèrè, ìbéèrè ló sì ń bí ìtàn.

Ní ọdún 1976 ni IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn fi àmì-ayò 4 sí 2 borí Tonnerre ti Yaoundé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní Sùúrùlérè, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù 2 wọlé, Mudaṣírù Lawal fi ọ̀kan kún un, Nàìjíríà sì na Algeria ní 3 sí òdo. Ife tuntun ni wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn. Ghana ti gbá ife àkọ́kọ́ lọ pátápátá ní ọdún 1978, nígbà tó gbà á fún ìgbà kẹta. Òfin náà ni pé orílẹ̀-èdè tó bá gba ife lẹ́ẹ̀mẹta ni yóò ni ín títí ayé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé Ife Ìṣọ̀kan Áfíríkà jáde ní ọdún 1980, Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ gbé e sókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí nìyí. Nàìjíríà tún gba ife yẹn ní Tunis ní ọdún 1994. Cameroon náà ti gbà á ní 1984 àti 1988. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá pàdé ní àṣekágbá ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, kì í ṣe ipò ọ̀gá lásán ni wọ́n ń dù. Ẹni tó bá borí ni yóò gbé ife náà lọ sílé pátápátá. Wọ́n ta ọ̀mì, 2 sí 2. Wọ́n wá bọ́ sí pẹ́náritì, èyí tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá wa ń pè ní wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ. Bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá kan igi, ó bọ́ sínú ilẹ̀ ilé, ó sì tún ta jáde. Adájọ́ ní kò wọlé. Cameroon borí ní 4 sí 3. Ife tí a gbé sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Sùúrùlérè, Sùúrùlérè kan náà ni wọ́n ti gbé e lọ tí kò sì ní padà mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ẹkún ọjọ́ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gba ife títí ayé kò ní kí ó má sọnù. Brazil gba ife Jules Rimet títí ayé ní ọdún 1970. Olè ti kọ́kọ́ jí ife yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1966, tí ajá kan tó ń jẹ́ Pickles sì rí i lábẹ́ igbó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1983, wọ́n tún jí i gbé ní Rio de Janeiro, a kò sì rí i mọ́. Ní ọdún 1997, FIFA san pọ́n-ùn 254,500 ní ilé gbàǹjo Sotheby's lórí ife kan tó jọ ọ́, ẹ̀dà lásán ló sì jẹ́. Ní ọdún 2020, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Egypt kéde pé àwọn kò rí ife mélòó kan nínú ilé àwọn mọ́, tí ife Áfíríkà wà lára wọn. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ ní Rio àti ní Cairo, ta ni yóò fọwọ́ sọ̀yà nípa kọ́bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ tiwa?

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé Ìpakodò ní Ìkòròdú, ní etí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí Èkó. Ẹni tó bá ń rò pé ohun ìrántí eré ìdárayá kò kan irú ibẹ̀, kó tún rò ó wò. Agbègbè Ìkòròdú ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́, bí Oriwu College. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ yóò ti sá eré, yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì ti gba ife. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò kì í ka ohun tí wọ́n fín sára ife. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń lò. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tuntun bá ní kí wọ́n palẹ̀ yàrá ẹrù mọ́, ife tí ọmọ mọ́kànlá fi òógùn gbà lè bá ìkòkò fífọ́ lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kì í sì í ṣe ife fàdákà nìkan ni ohun ìrántí. Eré ìdárayá wà lọ́dọ̀ wa kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ní gbogbo etí ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba wa fi ń díje. Àjẹ̀ tí akíkanjú awakọ̀ fi borí, ohun ìrántí ni. Ọpọ́n ayò tí àwọn ọ̀ta ayò ìlú jókòó tì fún ogójì ọdún, ohun ìrántí ni. Àwọn ilé gbàǹjo ní Yúróòpù ń ta ọpọ́n ayò láti Áfíríkà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, wọn kì í sì í sọ ti ọ̀ta tó pa ayò lórí rẹ̀. Ọpọ́n náà dé ọ̀hún, ìtàn rẹ̀ kù sílé.

Òfin ńkọ́? Ìjọba ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin ọdún 1953 wà, òfin tó gbé àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kalẹ̀ ní ọdún 1979 sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní lọ́kàn jù ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa tó ti wà ṣáájú ọdún 1918, àti ohun èlò ìbílẹ̀. Ife tí wọ́n rọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Èkó fi ẹsẹ̀ gbà ní nǹkan bí ọdún 1948, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lábẹ́ agboòrùn yẹn. Ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé èèwọ̀ ni kí ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ta àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀? Rárá o. Wladimir Klitschko ta àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí ó gbà ní Atlanta ní dọ́là mílíọ̀nù 1 ní ọdún 2012, kí ó lè fi owó náà ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Pelé pàápàá kó ẹrù rẹ̀ síta ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2016. Ẹni tó ni nǹkan ló ni ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Ẹni tó bá mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá tà á, ó ṣòwò. Ẹni tí kò mọ̀, tó fi ṣílè gba wúrà lọ́wọ́ ara rẹ̀, gbàǹjo ti ìtìjú ni wọ́n lù ú ní.

Kí ni ṣíṣe? Kò gba owó púpọ̀. Bí ife tàbí àmì-ẹ̀yẹ bá wà nílé yín, ẹ má ṣe fi yanrìn bó o kí ó lè dán. Lẹ́tà tí wọ́n fín sí i ṣe pàtàkì ju dídán lọ. Ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á, ọjọ́, ibi, àti ẹni tí wọ́n jọ figagbága. Bí àgbà tó gbà á bá ṣì wà láyé, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní ohùn ara rẹ̀, kí ẹ gbà á sílẹ̀, ní èdè Yorùbá tó bá jẹ́ pé òun ló ń sọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí àwa onímọ̀ èdè ń wá kiri. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù tí kò ní orúkọ lẹ́yìn yóò di àwòrán àwọn àjèjì láàárín ìran kan.

Bí ẹ bá sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, tí ẹ sì dé Oníkàn, ẹ óò rí ohun tó yẹ kó fún wa níṣìírí. Ibẹ̀ ni Dókítà John Randle kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní ọdún 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè mọ omi í wẹ̀ kí wọ́n má baà máa kú sómi. Wọ́n ti gbé ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá dìde síbẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023. Pápá bọ́ọ̀lù Mobọ́lájí Johnson kò jìnnà sí i, níbẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Ikorodu City ti gbàlejò ní sáà 2024/2025, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà. Tíkẹ́ẹ̀tì sáà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀, ìwé orúkọ agbábọ́ọ̀lù tí adájọ́ fọwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìkòròdú báyìí. Ní ogójì ọdún sí i, yálà kí ọmọ wa máa nàka sí i nínú àpótí onígíláàsì, tàbí kí ó máa san owó gọbọi láti rà á padà lọ́wọ́ àjèjì, ọwọ́ wa ló wà.

Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù.